Òkú Ń Bẹ Nílẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ Kò Tíì Tán: Ìdí Tí Ìwé Ìtàn Òṣèlú Fi Ń Já Òǹkàwé Kulẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé ní Challenge, Ìbàdàn



Olùkọ́ girama kan wà tí ó ti fẹ̀yìntì. Ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí oríta Challenge. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwé kan ṣe rí lára baba yìí, kó má wulẹ̀ bi í léèrè, ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ ni kó gbà wò, nítorí pẹ́ńsùlù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ń kàwé. Ìwé kan tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ó ti fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí àwọn olùkọ́ ayé àná ti í ṣe. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó kọ ìtumọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó rìn síwájú díẹ̀, ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé, “Òkú dà?” Ó tún rìn síwájú, ó kọ ọ́ pé, “Ọ̀rọ̀ yìí gùn o.” Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àmì pẹ́ńsùlù kankan mọ́. Àwọn ewé tó kù mọ́ tónítóní, wọ́n ṣì lẹ̀ mọ́ra bí ọjọ́ tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Ìwé náà ni Chronicles from the Land of the Happiest People on Earth, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká kọ. Bí a bá ní ká pe àkọlé yẹn ní Yorùbá, a ó ní ìtàn láti ilẹ̀ àwọn tí inú wọn dùn jù láyé. Baba olùkọ́ yìí kì í ṣe òpè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tó fi pa ìwé náà dé, gbólóhùn kan ni ó ní: “Wọ́n ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe mú apànìyàn. Ìgbà tí mo débẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.”

Gbólóhùn yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní fẹ́ tú palẹ̀. Àwọn tó ṣe irú àròyé baba yìí kò kéré, nílé lóko àti lókè òkun. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń rí gbà ni pé ìwé Ṣóyinká kì í ṣe ìwé ẹni tó ń kánjú, pé àwọn ni wọn kò mọ̀ ọ́n kà. Ìdáhùn yẹn kò tọ́ sí wọn. Ẹni tó fi owó ra ìwé, tó fi òru jókòó tì í, tó wá dìde pẹ̀lú ìbànújẹ́, ẹlẹ́rìí ni. Ó yẹ kí a gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ tán ká tó dájọ́.

Ìwé náà kò dé bí ìwé lásán. Bookcraft, ilé ìtẹ̀wé tó fi Ìbàdàn níbí ṣe ibùjókòó, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní ìparí ọdún 2020. Ti Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ìtàn àròsọ kẹta ni Ṣóyinká kọ láyé rẹ̀: The Interpreters jáde ní 1965, Season of Anomy ní 1973, ó wá di odidi ọdún 47 kí ẹ̀kẹta tó dé. Ẹni tí wọ́n bí ní ọdún tí èkejì jáde ti lè ní ọmọ-ọmọ. Ó ju 400 ojú ìwé lọ. Àwọn atẹ̀wé òkè òkun sì polówó rẹ̀ pé ìwé ta-ló-ṣe-é ni pẹ̀lú, pé àdììtú ìpànìyàn wà nínú rẹ̀ tí òǹkàwé yóò máa tú bọ̀.

Ní ìlú bí Ìbàdàn, irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìlú yìí ti rí. Ní 1958, jàǹbá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹlẹ̀ sí Adégòkè Adélabù, olóṣèlú tí wọ́n ń pè ní Penkelemẹ́sì, ó kú, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò sì gbà pé jàǹbá lásán ni. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ní 1965, ẹnìkan gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò, ó yọ ohùn Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Akíntọ́lá, kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fi ohùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣóyinká ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, adájọ́ sì dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1966, àwọn sójà pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún kan náà, wọ́n mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, àti Fájuyì tó gbà á lálejò kúrò nílé ìjọba nílùú yìí, wọ́n lọ pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n ikú kan wà tí kò tíì kúrò lára.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 2001. Ó ku ọjọ́ méjì kí Kérésìmesì dé. Bọ́lá Ìgẹ́, Cicero ti Agodi, tó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983, wà nílé rẹ̀ ní Bódìjà. Ìgbà yẹn, òun ni mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé apànìyàn kò mú un jẹ ni àwọn apànìyàn wọlé bá. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti jáde lọ wá oúnjẹ. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ni wọ́n ti ṣí fìlà lórí rẹ̀ ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, níwájú gbogbo èrò. Wọ́n ti yàn án sí ìgbìmọ̀ òfin àgbáyé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Iṣẹ́ yẹn ló kù tí ì bá kọjú sí. Wọ́n yìnbọn fún un nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n mú àwọn afurasí, wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Adájọ́ Àtinúkẹ́ Ìgẹ́, ẹni tí òun náà jókòó lórí àga ìdájọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kú ní 2003 láìgbọ́ ẹni tó pa ọkọ òun. Títí di òní, kò sí ẹni kan ṣoṣo tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú náà.

Dele Giwa ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986 ni wọ́n kéde pé Ṣóyinká ló gba ẹ̀bùn Nobel, tí gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ ń jó. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ọjọ́ 19, ẹnìkan mú páálí kan wá sílé Dele Giwa, olóòtú Newswatch, ní Ìkẹjà. Ó ṣí i, bọ́ǹbù ni. Agbẹjọ́rò Gani Fawẹ̀hìnmi lé ẹjọ́ náà títí. Ẹjọ́ náà kò dé ibì kankan.

Orúkọ àwọn méjèèjì yìí, Giwa àti Ìgẹ́, ni Ṣóyinká kọ síwájú ìwé rẹ̀ ní ìrántí wọn, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ìlérí ti wáyé. Ẹni tó ṣí ìwé, tó bá orúkọ òkú méjì tí a kò mọ apànìyàn wọn, tí wọ́n sì ti sọ fún un pé ìwé ta-ló-ṣe-é ni, kí ni yóò máa retí? Ohun tí kóòtù kò fún un ló fọkàn sí pé ìwé yóò fún òun. Kò retí pé kí Ṣóyinká dárúkọ ẹni tó yìnbọn ní Bódìjà. Ó kàn ń retí pé, ó kéré tán nínú ìtàn àròsọ, ẹnìkan yóò tẹ̀ lé ẹsẹ̀ apànìyàn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tó sá sí.

Kí ló wá bá nínú ìwé? Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà, Kighare Menka, ní Jos, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún títún ara àwọn tí bọ́ǹbù àwọn Boko Haram ti fà ya ṣe. Ó wá gbọ́ pé àwọn kan ti sọ ẹ̀yà ara ènìyàn di ọjà, pé wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń fi í ṣoògùn owó àti oògùn ipò. Ó ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kan, Duyole Pitan-Payne, ẹnjiníà ọmọ ọlọ́lá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sí iṣẹ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wòlíì kan wà, Papa Davina, tó da ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ra bí ẹni ń ro àmàlà. Olórí ìjọba kan wà, Sir Goddie. Bọ́ǹbù dún. Ọ̀rẹ́ kan kú. Ta ló wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a kò ní sọ ọ́ níbí, torí àwọn tí kò tíì kà á.

Ẹni tó gbọ́ ìtàn yìí ní ṣókí yóò ní ó dùn. Ó dùn lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni ìjà wà. Orí kìíní, tí Ṣóyinká pè ní Òkè Kọ́nrán-Ìmọ̀ràn, orí òkè ló ti bẹ̀rẹ̀: ẹnìkan ń gun òkè lọ bá wòlíì. Wòlíì ń sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé ń ṣàpèjúwe bí wòlíì ṣe ń sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ a tún ya lọ sí bí wòlíì ṣe di wòlíì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn oyè ìdálọ́lá tí ìjọba ń pín, àjọ̀dún tí wọ́n fi ń tan ará ìlú, ẹgbẹ́ òṣèlú àti orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbólóhùn kan a máa gùn tó ìpínrọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀fẹ̀ olóró, ó sì mú bí abẹ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n baba wa pẹ̀lú pẹ́ńsùlù rẹ̀ ti bèèrè: òkú dà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé èdè líle ni ẹ̀sùn òǹkàwé. Kì í ṣe òun gan-an. Ẹ wo Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Ní 1969 ló gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ní 1971 Àgbàlagbà Akàn. Ta ni yóò sọ pé Yorùbá Òkédìjí rọrùn? Òwe ń gun òwe lórí, àṣàyàn ọ̀rọ̀ ń bá àkànlò èdè du àyè, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu àwọn ọmọ ìsinsìnyí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Síbẹ̀, àwọn tó kà á nílé-ìwé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì ń dárúkọ Lápàdé bí ẹni ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n wọn. Lápàdé ti ṣe sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá rí, ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó wà ní Ìbàdàn, kò ní ìbọn ìjọba, kò ní ìwé àṣẹ. Tafa Ìgìrìpá ni ó ń bá a rìn. Àwọn méjèèjì ń lé ọ̀daràn, àwọn ọ̀daràn ń lé àwọn náà, ọlọ́pàá sì ń fura sí Lápàdé pẹ̀lú. Bí Òkédìjí bá da òwe mẹ́rin sílẹ̀ léra wọn, ẹnu ẹni tó wà nínú ewu ni òwe náà ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ náà ń sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń sáré. Ìdí nìyẹn tí kò fi wúwo.

Ohun kan tún wà tí Òkédìjí mọ̀, òun sì ni kókó ọ̀rọ̀ òní. Ó mọ̀ pé ìlú ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ṣiyèméjì kó lọ ka eré rẹ̀, Rẹ́rẹ́ Rún, tó jáde ní 1973, kó wo ohun tí wọ́n fojú olórí àwọn òṣìṣẹ́ rí. Àmọ́ nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, bí ìlú ṣe bàjẹ́ tó, ẹni tí Lápàdé ń lé ní ojú, ó ní orúkọ, ó ní ibi tó sá sí. Kólá Akínlàdé náà, nínú Owó Ẹ̀jẹ̀ àti Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, ọ̀nà yìí kan náà ló tọ̀: ìbéèrè kan, ẹni kan, ìdáhùn kan.

Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ kò dá ẹnìkan sí. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ, lóru ọjọ́ tí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó gba ojúmọ́, orí olè àti orí ọlọ́lá ni yóò jọ máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí, ará ìlú yóò máa rẹ́rìn-ín, ojú yóò máa ti ẹlẹ́ṣẹ̀. Nílùú yìí náà, lọ́jọ́ ọdún Òkè’Bàdàn, ta ni orin èébú kì í kàn? Iṣẹ́ ńlá ni irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe láwùjọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ wo Ẹ̀fẹ̀ kí ó lè mọ ẹni tó jí ewúrẹ́ rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá ti fi hàn láti orí òkè wòlíì dé ilé olórí ìjọba pé kò sẹ́ni tó mọ́ nínú gbogbo wọn, ìbéèrè “ta ló ṣe é” ti kú kó tó dé àárín ìwé. Nígbà tí ìbòjú bá wá ṣí lójú ẹnìkan ní ìparí, òǹkàwé kò ta gìrì. Ó ti mọ̀ pé gbogbo wọn náà ni.

“Gbogbo wọn náà ni.” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Láti ọdún 2001 ni a ti ń gbọ́ ọ ní Bódìjà, ní Mọ́kọ́lá, ní Bẹẹrẹ. Ta ló pa Bọ́lá Ìgẹ́? Gbogbo wọn náà ni. Ó dà bí ìbínú, àmọ́ ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn, kò sẹ́ni tí a ó mú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó yẹ kó wádìí fi ń sinmi nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí àwa náà fi ń tu ara wa nínú. Òǹkàwé Ìbàdàn tó sá kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn lọ sínú ìwé, tó tún wá bá a níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká yé sọ fún un pé kò mọ̀wé kà. Ohun tó dùn ún ju èdè lọ.

Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni ayé rí, pé ẹjọ́ Nàìjíríà kì í lójútùú, nítorí náà ìtàn tó sọ òótọ́ kò gbọdọ̀ ní ojútùú. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Ben Okri, òǹkọ̀wé ńlá, yin ìwé náà gidigidi nínú The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ìparí kọ́ ni òǹkàwé ń sunkún lé lórí. Àpẹẹrẹ méjì yóò fi èyí hàn.

Frederick Forsyth ṣe akọ̀ròyìn nígbà ogun Biafra. Nígbà tó délé láìní owó lọ́wọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọjọ́ 35 péré ló fi kọ The Day of the Jackal. Ìtàn ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti pa Ààrẹ Charles de Gaulle ti ilẹ̀ Faransé ni. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìdí wọn ni pé gbogbo ayé mọ̀ pé kò sẹ́ni tó pa de Gaulle. Ta ni yóò ra ìtàn tí ìparí rẹ̀ ti hàn? Ìwé náà jáde ní 1971, gbogbo ayé rà á. Ohun tí òǹkàwé ń tẹ̀ lé ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí apànìyàn ṣe fi orúkọ ọmọdé tó ti kú gba ìwé ìrìnnà, bí wọ́n ṣe rọ ìbọn rẹ̀, bí ọlọ́pàá kan tí kò lókìkí ṣe ń tọ ipa rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Báwo ló gba ipò ta ni.

Èkejì kò jìnnà rárá. Àwọn àgbà àdúgbò a máa sọ pé láti ara ilé ìtàwé ni orúkọ Challenge ti wá, Challenge Bookshop tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀. Béèyàn bá sì kúrò lóríta yìí tó forí lé Fẹ́lẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni àdúgbò ilé-iṣẹ́ Oníbọnòjé, àwọn tó tẹ Rẹ́rẹ́ Rún tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn náà ló tẹ Baṣọ̀run Gáà, eré Adébáyọ̀ Fálétí, ní 1972. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ bí Gáà ṣe kú. Ìparí ìtàn ti di òwe kí wọ́n tó bí Fálétí. Kí ló wá mú àwọn ènìyàn jókòó? Bí Gáà ṣe ń mú ọba kan jẹ tẹ̀ lé òmíràn. Bí Ọba Abíọ́dún ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀, tó ń gbé e mì. Ọjọ́ tí wọ́n wá àgbọ̀nrín tì fún ètùtù, tí Gáà ní Agbọ́nyìn, ọmọbìnrin ọba, ni kí wọ́n lò dípò. Láti ọjọ́ yẹn ni ọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lóru, tí ìránṣẹ́ ń lọ bá Ọ̀yábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí okùn ń fún díẹ̀díẹ̀. Olúkúlùkù ìgbésẹ̀ ló ní ìdí, a sì rí gbogbo wọn. A mọ ibi tí à ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkàn wa kò sì balẹ̀ títí a fi débẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ ìtàn ikú Bódìjà kò nílò láti mọ ẹni tó ṣe é. Ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ géètì? Agogo mélòó ni àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde? Ta ló ní kí wọ́n lọ jẹun nígbà kan náà? Mótò wo ló dúró níta, ta ni ó rí i, kí ló sì dé tí ẹni tó rí i fi panu mọ́? Òǹkàwé tí wọ́n bá mú gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá, kódà bí ìwé bá parí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kò ní sọ pé wọ́n já òun kulẹ̀. Yóò mọ ibi tí wọ́n ti gé okùn àti irú ọwọ́ tó gé e.

Ó yẹ ká jẹ́ olóòótọ́ sí Ṣóyinká náà, nítorí ibì kan wà nínú ìwé rẹ̀ tó ti ṣe ohun tí à ń wí yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pa á dé kò débẹ̀. Nígbà tí Duyole kú sí Salzburg ní ilẹ̀ Austria, àwọn ẹbí rẹ̀ ní ibẹ̀ ni kí wọ́n sin ín sí. Menka kọ̀ jálẹ̀. Kí ló dé tí ẹbí fi ń kánjú? Ta ni kò fẹ́ kí òkú padà sílé? Lójijì, ẹ̀fẹ̀ dákẹ́. Gbólóhùn kúrú. Ìwé náà wá ń mí. Ẹni tó ti ka You Must Set Forth at Dawn, ìwé ìrántí tí Ṣóyinká gbé jáde ní 2006, yóò mọ ibi tí iná yẹn ti wá. Fẹ́mi Johnson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ọ̀gá alágbàtà ìbánigbófò nílùú Ìbàdàn yìí, ẹni tó kọ́ Broking House, kú sí ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì sin ín sọ́hùn-ún. Ṣóyinká kò gbà. Ó dìde lọ, ó jà títí ó fi gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà wálé. Ohun tó ti ṣe rí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, òun ló kọ dáadáa jù nínú gbogbo ìwé náà. Ìdájọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbí nìyí: ká ní apá yẹn ló ṣáájú, tí òkè wòlíì sì wá lẹ́yìn, baba olùkọ́ wa ì bá lo pẹ́ńsùlù rẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ èdè kù. A ti ní kì í ṣe òun ni olórí ẹ̀sùn, àmọ́ ó ní ipa tirẹ̀. Orúkọ òkè inú ìwé náà, Kọ́nrán-Ìmọ̀ràn, bí ẹ bá pè é létí ọmọ Yorùbá, ẹ̀rín ti dé kí ẹ tó pè é tán. Létí ẹlòmíràn, orúkọ lásán ni. Àìmọye ẹ̀fẹ̀ inú ìwé náà ló rí bẹ́ẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi rò ó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ, aṣọ náà sì nípọn débi pé ẹni tó ni ẹ̀rín kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣóyinká fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ ìtumọ̀. Ó gbé Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó tún padà gbé Igbó Olódùmarè lọ ní 2010. Ẹlòmíràn náà sì ti gbé tirẹ̀ bọ̀ wálé rí. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló sọ Death and the King’s Horseman di Ikú Olókùn-Ẹṣin ní 1994, òun náà ló sọ Aké di Aké: Ní Ìgbà Èwe. Àwọn tó ka Aké ní èdè méjèèjì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ìwé náà padà sẹ́nu àwọn tó ni í. Ìṣọ̀lá, ẹni tó tún kọ Saworoidẹ tí gbogbo ilé wò, tó fi adé àti ìlù sọ ìtàn òṣèlú tí ọmọdé àti àgbà lóye, fi wá sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018. Ìtàn àròsọ kẹta Ṣóyinká kò bá a láyé.

Nítorí náà, ẹ̀yin atẹ̀wé tí ẹ wà nílùú yìí, ní Jericho, ní Bódìjà, ní Fẹ́lẹ́lẹ́, ẹ̀bẹ̀ méjì ni a gbé wá. Ẹ wá ẹni tí yóò gbé ìwé Ṣóyinká yìí wọ inú Yorùbá, kí ó jẹ́ ẹni tó ti mu nínú omi Òkédìjí, kó lè mọ ibi tí gbólóhùn ti gbọ́dọ̀ sáré. Ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀dọ́ tó bá mú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ òṣèlú wá ní Yorùbá. Ẹ má sọ fún un pé kó lọ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó padà wá. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ó pẹ́ tí Lápàdé ti ń sinmi. Bódìjà kò jìnnà sí ibi tí ó ń gbé. Àwọn òǹkàwé tó máa ra ìwé náà jókòó síbí lónìí, baba olùkọ́ sì ti gbẹ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀ sílẹ̀.